Ìwé Tí Mo Yìn fún Sàríyù

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ni ó ń ṣe yín, tí ẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì ọsibítù, tí ẹ ń wo káàdì ọwọ́ yín bí ẹni ń wo ìwé ẹjọ́, èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Mo ti yè é. Mo yára sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìròyìn ikú ni mo mú wá. Ìròyìn ìtìjú ni, tèmi sì ni ìtìjú náà.

Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Akanran. Ìyá Dúpẹ́ ni àwọn àgbà ń pè mí, Tíṣà ni ti àwọn yòókù. Ọkọ mi ń ṣe oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ ará abúlé wa nígbà náà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá tó máa ń kàwé yẹn?" Bí mo bá lọ gba owó oṣù ní Ìbàdàn, n kì í padà láìra ìwé àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ létí títì. Mo ní ìwé ìkọ̀wé kan tí mo ń kọ èrò mi sí nípa gbogbo ìwé tí mo bá kà tán. "Ó dára." "Kò dára." "Òǹkọ̀wé yìí mọ̀wé ṣùgbọ́n kò mọ èèyàn." Mo fẹ́ràn kí wọ́n wá béèrè èrò mi. Bí olórí ilé-ìwé wa bá ra ìwé, kó tó kà á, yóò ní, "Tíṣà, kí lẹ rí sí i?" Ọ̀rọ̀ náà a sì máa dùn mọ́ mi nínú ju oúnjẹ lọ.

Sàríyù ni ẹni tí mo ń kàwé fún. Ilé wọn ló tẹ̀lé tiwa, gàrí ló ń yan tà. Ọmọ ilé ìmàle ni, ó lọ sí ilé kéú díẹ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé Yorùbá kà. Bí a bá jáde ilé-ìwé, màá gbé àpótí ìjókòó lọ sí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Òun á máa bẹ ẹ̀gẹ́, èmi á máa kàwé sókè. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó gbọ́n jù mí lọ nínú ká dá ìwé lẹ́jọ́, àmọ́ n kò lè gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo ka ìwé kan fún un nípa awakọ̀ tó rí ọmọ tuntun nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó sì tọ́ ọ dàgbà. Ìwé náà mú omijé jáde lójú mi. Sàríyù bẹ ẹ̀gẹ́ títí mo fi kà á tán, ó wá ní, "Tíṣà, ta ló ń fún ọmọ yẹn ní ọmú? Láti Ìbàdàn títí dé ilẹ̀ Hausa, ẹ ò kà á pé ó jẹun." Mo yẹ ìwé náà wò látìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, òǹkọ̀wé ti gbàgbé. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé ìkọ̀wé mi. "Ó dára púpọ̀" ni mo kọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mo ní eruku ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ikọ́ kò lọ, mo ní èéfín ibi tí Sàríyù ti ń yan gàrí ni. Lẹ́yìn náà ni ibà ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ara mi á gbóná. Òógùn á wá bò mí lójú oorun, aṣọ ìbora á tutù bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìró tó ń yí mi ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Dúpẹ́, ọsibítù ni ká lọ."

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà wa, ní kí n kọ́kọ́ mu omi àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún ná. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá gbé ikọ́ lọ sí ọsibítù, àyà lílà ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀."

Èmi kò gba ti ọkọ mi, n kò sì gba ti ìyá. Ìwé ni mo gbà. Ní gáréèjì Akanran ni mo ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó. Ìwé pẹlẹbẹ ni, èèpo rẹ̀ pupa, ewé àti egbò ló wà nínú rẹ̀. Yorùbá inú rẹ̀ dùn! Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní òwe tirẹ̀, oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn. Èrò mi nípa rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìkọ̀wé mi dòní, n kò ya á dànù: "Ìwé tó wúlò jù lọ tí mo kà lọ́dún yìí. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ èdè." Ẹ wo ohun tí mo fi wọn oògùn. Nítorí pé ọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá, mo gbà pé ó gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Orógbó, aáyù àti oyin ló ní kí ẹni tó ní ikọ́ pípẹ́ máa lò, mo sì ń lò ó. Mo juwe ìwé náà fún èèyàn mẹ́rin yàtọ̀ sí Sàríyù.

Ibi tó burú nínú ìwé náà ni ojú ewé kan nítòsí ìparí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn òyìnbó tó bá ti ń pa ìtọ̀ èèyàn láwọ̀ dà, ẹ̀dọ̀ ẹni náà ló ti ń jẹ.

Kò pẹ́ tí Sàríyù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti kó o, a kì í jìnnà síra wa, èmi ni mo sì ń la ẹnu kàwé. Ọkọ rẹ̀, Músílíù, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí wọ́n fi yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò nílé, nítorí ọ̀nà jìn. Inú mi kò dùn sí i. Mo ń sọ òótọ́. Ó dà bí ẹni pé ó fi ìwé mi sílẹ̀.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi sáré wá bá mi nílé. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Tíṣà, ẹ gbà mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ bí ti báwo?"

"Pupa ni. Ó pọ́n bí epo. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn ni."

Mo lọ mú ìwé èèpo pupa wá. Mo ṣí ojú ewé náà, mo sì kà á fún un bí mo ṣe máa ń kàwé fún un, mò ń gbé ohùn sókè, mò ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹni tó kọ ọ́ yìí, ṣé dókítà ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Sàríyù, ṣé wọ́n á gbé irọ́ sínú ìwé ni?"

Ó da hóró oògùn yẹn sínú ṣáláńgá. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo orógbó àti oyin, ìtọ̀ rẹ̀ sì mọ́ padà, àwa méjèèjì wá ń dúpẹ́ pé a tètè rí i.

Òjò ti rọlẹ̀ nígbà tí mo wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Kíláàsì ni mo wà, mò ń máàkì àròkọ àwọn ọmọ. Ó ta sórí ìwé ọmọ kan. Mo pa ìwé náà dé, mo fi gèlè nu ẹnu mi, mo ní kí wọ́n máa lọ ṣeré. Ọkọ mi kò béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà dé Akanran, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ìlà àwọn tó ń wúkọ́ kò dà bí ìlà mìíràn. A ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, àwọn kan ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n tutọ́ sí i. Kí n gbé ike náà lọ́wọ́ láàárín èèyàn, bí ẹni gbé àṣírí rẹ̀ sínú abọ́, ìyẹn dùn mí ju ikọ́ lọ. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa ìborùn bo imú, òun náà sì ń wúkọ́. Bàbá ọmọ iléèwé mi kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá. Mo dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù.

Wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n ní oṣù mẹ́jọ ni màá fi lo oògùn, àti pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú wọn ni màá ti máa gbé e mì lójoojúmọ́. Ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ ọmọ mi ní Ìbàdàn ni mo wọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó ń fún wa ní oògùn ti dàgbà, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ka hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní:

"Mọ́mì, tí ẹ bá délé, ìtọ̀ yín á pọ́n. Ẹ má bẹ̀rù o. Àwọ̀ oògùn lásán ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?"

"Àwọ̀ oògùn ni. A máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn èrò a pọ̀, a ó gbàgbé ẹnì kan méjì. Àwọn kan á rí i, wọ́n á da oògùn nù. Bó bá sì padà sí wọn lára, ó máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Mo gbé oògùn mì. Mo jáde. Mo jókòó lórí ògiri kékeré kan níwájú ọsibítù.

Ibi tó ti yẹ kí n wọ ọkọ̀ Akanran lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyí. N kò lọ. Mo wí fún ara mi pé ara mi kò yá. Mo wí fún ara mi pé bóyá tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó sínú yàrá Dúpẹ́, tí mò ń kàwé. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó sọ ìtàn ọmọge arẹwà kan tí irú àìsàn yìí ṣe. Ó ń wúkọ́ jẹ́jẹ́ sínú áńkáṣíìfù funfun, ó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó sì kú bí ìgbà tí òdòdó bá rẹ̀. Mo kọ èrò mi: "Ẹni tó kọ èyí kò gbé ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rí." Mo kọ ọ́ tán, mo rí i pé mo tún ti ń dá ìwé lẹ́jọ́, nígbà tí Sàríyù wà nílé tí kò ní oògùn lẹ́nu.

Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni mo padà sílé. Mo sọ fún abúlé pé mo lọ kí ọmọ mi ni. Inú agolo mílíìkì òfìfo ni mo kó oògùn mi sí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ ọdún, Sàríyù fúnra rẹ̀ gbé ẹran wá fún mi. Àárín ilé tiwa àti tiwọn kò tó ogójì ìṣísẹ̀, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọdún. Ẹ ti sanra díẹ̀ o, oyin yẹn bá yín lára mu." Mo gba ẹran. Mo dúpẹ́. Ó lọ. Mo sì jẹ ẹran náà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó lè lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ pupa fún un, mo ní irọ́ ni ìwé yẹn pa, mo ní kó dìde ká máa lọ sí ọsibítù. Kò sọkún, kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Ṣé gbàrà tí ẹ mọ̀ ni ẹ wá sọ fún mi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àná ni mo gbọ́."

Músílíù ló bá mi sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kò wọlé. Ó ní, "Tíṣà, ìyàwó mi kò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Ó sì yí padà.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe wí náà ló rí. Àìsàn tó padà le ju ti àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kún oògùn Sàríyù, ojoojúmọ́ fún oṣù méjì, ó sì lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kó tó lọ, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, má fi oògùn yìí sílẹ̀ o." Ó gba ìmọ̀ràn mi lọ́tẹ̀ yìí náà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ti pé bí oṣù kan, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Kò sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá oògùn dúró, èmi sì ti ní kó má fi í sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ló fà á, etí ọ̀tún ti kú. Ti òsì ń gbọ́ díẹ̀ bí èèyàn bá gbé ẹnu sún mọ́ ọn tó sì pariwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ méjèèjì pọ̀: ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ara yín bá ń ṣe tí kò yé yín, ẹ lọ sọ ọ́ lọ́sibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ ọ́ fún irú èèyàn bíi tèmi.

Mo lo oògùn tèmi tán. Ìyá ọkọ mi ń gbàdúrà sórí oògùn náà láràárọ̀ kí n tó gbé e mì, a sì fi bẹ́ẹ̀ parí ìjà. Mo lọ sí ilé àwọn mẹ́rin tí mo juwe ìwé yẹn fún, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní mo ti ṣìnà. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun kò tilẹ̀ rántí. Bí wọ́n bá nà mí, ì bá sàn.

Sàríyù yè. Ó padà sílé, ó ń yan gàrí. N kò lè gbé àpótí mi lọ sí abẹ́ àtíbàbà yẹn mọ́. Òun ló wá bá mi, pẹ̀lú síléètì tuntun lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè láìmọ̀, gbogbo agbo ilé ló gbọ́ ọ.

"Tíṣà, ẹ kọ́ mi níwèé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàwé fún mi mọ́."

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Màá kọ ọ̀rọ̀, màá fọwọ́ kan nǹkan náà, màá fi ẹnu ṣe é kó lè wo ètè mi. Nígbà mìíràn inú á bí i, á sọ síléètì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, àwa méjèèjì la jọ ń ra ìwé. Lọ́dún yìí a ti ka ìwé kan nípa àgbẹ̀ tó bá ọmọ rẹ̀ ṣẹjọ́ nítorí ilẹ̀. Mo ní ó gùn jù. Sàríyù ní ó kúrú, ó ní a kò gbọ́ tẹnu ìyá ọmọ náà rárá. A ka ìwé eré kan nípa ọba tó ní ìyàwó méje. Mo fẹ́ràn èdè rẹ̀. Sàríyù ní èdè dídùn nìkan kọ́ ni ìwé, ó sì wò mí lójú títí mo fi wolẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ara mi ṣe rí. Mò ń jẹun, mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ti sanra padà. Bí mo bá gun òkè tó lọ sí odò, èémí mi máa ń kúrú, mo sì máa ń dúró. Ikọ́ kò padà wá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìtìjú ni kò tíì lọ.

Nígbà tí mo kọ ohun tí ẹ ń kà yìí tán, mo gbé e fún Sàríyù kí n tó fi han ẹlòmíràn, nítorí irọ́ tí mo pa fún un pé àná ni mo gbọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un rí. Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Ó gbé e padà wá, ó jókòó.

"Irọ́ yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́."

Mo fi ọwọ́ béèrè pé báwo.

"Káàdì ọsibítù yín wà nínú ìwé kan tí ẹ yá mi. Mo ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ ti ń lo oògùn kí a tó ṣe Iléyá."

Mo gbé ẹnu sún mọ́ etí òsì rẹ̀, mo pariwo, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mò ń dúró dè yín ni."

Ó gbé ìwé náà, ó ń ṣí i wò, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ sunkún jù níbi kan láàárín. Ẹni tó ń wúkọ́ kò ráyè ẹkún yín, Tíṣà. Ẹ sọ fún un kó lo oògùn rẹ̀ tán."

Mo ti yọ ojú ewé méjì kúrò. Ẹ lo oògùn yín tán.